Àrùn Àgbà Lára Ọmọdé: Ìtàn Bí Ìṣègùn Ṣe Pẹ́ Kí Ó Tó Dá Rọpárọsẹ̀ Ọmọdé Mọ̀

Rọpárọsẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá lè dé apá kan ọpọlọ mọ́, yálà nítorí pé ẹ̀jẹ̀ dídì dí iṣan tí ó ń gbé e lọ síbẹ̀ pa, tàbí nítorí pé iṣan náà bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ sì dà sínú ọpọlọ fúnra rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú, apá, ẹsẹ̀, ẹnu tàbí ojú tí ibẹ̀ ń darí yóò sì kọ iṣẹ́. Níbi gbogbo tí a bá ti dárúkọ àrùn yìí, àgbàlagbà ni ó máa ń wá sí ọkàn àwọn ènìyàn: bàbá tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú, tàbí ìyá àgbà tí ó ṣubú sí balùwẹ̀. Òótọ́ ni pé àgbà ni ó ń kọlù jù, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ orí tí ó yọ sílẹ̀, nítorí ó ń mú ọmọ tí ó ṣì wà nínú oyún, ó ń mú ọmọ ọwọ́, ó sì ń mú ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Àìmọ̀ tí ó yí ọ̀rọ̀ yìí ká kì í ṣe ti àwọn òbí nìkan. Ìwé ìṣègùn fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ pẹ́, ó sì pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Wákàtí tí àwọn ọmọ ń pàdánù ní ilé ìwòsàn lónìí jẹ́ gbèsè tí ìdádúró àtijọ́ náà jẹ sílẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni a ti lè tọpa rẹ̀. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ ṣókí tí a kà sí ti Hippocrates, oníṣègùn tí ó gbé ayé ní nǹkan bí irínwó ọdún kí a tó bí Jésù, a kọ ọ́ pé láàárín ẹni ogójì ọdún sí ọgọ́ta ọdún ni ìkọlù òjijì tí ń gbé ènìyàn ṣubú láìmọ ara rẹ̀ ti wọ́pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà ní ti àwọn àgbà, ṣùgbọ́n bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ṣe ń kọ́ ọ sórí láti ìran dé ìran, ohun tí ó jẹ́ àkíyèsí lásán nípa ibi tí àrùn ti wọ́pọ̀ wá di ààlà tí a fi ń dá a mọ̀, ẹni tí kò bá sì sí nínú ààlà náà, orúkọ mìíràn ni a óò fún àrùn rẹ̀. Ní ọdún 1658, Johann Jakob Wepfer, oníṣègùn ará Schaffhausen ní Switzerland, tẹ ìwé kan jáde lẹ́yìn tí ó ti tú òkú àwọn tí àrùn náà pa wò, ó sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tí ó dà sínú ọpọlọ ni ó pa wọ́n, kì í ṣe oje ara tí ó wúwo bí àwọn aṣáájú ṣe rò. Ìmọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n inú àṣà àtijọ́ náà ni ó bọ́ sí: lára àgbà ni a ń wá a.

Ìgbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún dé ni àwọn oníṣègùn Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nípa àwọn ọmọ tí apá àti ẹsẹ̀ wọn ní ìhà kan ti rọ. Ní Paris, ní ọdún 1827, Cazauvieilh ṣàpèjúwe ọpọlọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, tí ó rí i pé ìdajì ọpọlọ tí ó wà ní òdìkejì ìhà tí ó rọ ti súnkì. Ní ọdún 1889, William Osler, ọmọ Kánádà tí ó di ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ìṣègùn tí a bọ̀wọ̀ fún jù ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde nípa ọmọdé tí ọpọlọ wọn ti bàjẹ́ tí ara wọn sì rọ. Aláìsàn 151 ni ó kó jọ láti ilé ìwòsàn fún àrùn iṣan ara ní Philadelphia, àwọn tí ìhà kan ara wọn rọ ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọdún 1891, ní Vienna, Sigmund Freud àti Oscar Rie kọ ìwé tiwọn lórí ìrọ ìhà kan lára ọmọdé. Freud yìí kan náà ni ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà nítorí ìtumọ̀ àlá, ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà náà, ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ aláìsàn tí Max Kassowitz ń darí, ìwé tí ó sì kọ ní ọdún 1897 nípa àrùn ọpọlọ ọmọdé jẹ́ èyí tí àwọn onímọ̀ ń bọ̀wọ̀ fún títí di òní.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí rí àti ohun tí wọn kò lè rí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ Osler kì í ṣe ọmọ tí apá rẹ̀ rọ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọ tí ó ti rọ láti oṣù tàbí ọdún sẹ́yìn ni, tí ọwọ́ rẹ̀ ti ká, tí ó ń wọ́ ẹsẹ̀, tí wárápá sì ń gbé e. Ohun tí oníṣègùn ní lọ́wọ́ ni àbájáde àrùn àti ìtàn tí ìyá ń rántí: ibà mú ọmọ, gìrì gbé e, nígbà tí ó jí, ọwọ́ kan kò gbé mọ́. Nítorí pé ibà àti gìrì ni ó ṣáájú nínú ìtàn náà, àwọn ni a dá lẹ́bi, tàbí kí a sọ pé eyín tí ọmọ ń hù ni ó fà á. Kò sí ohun èlò kankan tí ó lè fi inú ọpọlọ ọmọ tí ó wà láàyè hàn, bí ọmọ náà kò bá sì kú ní kíákíá, kò sí ẹni tí yóò rí iṣan tí ó dí. Báyìí ni ó fi jẹ́ pé àpá rọpárọsẹ̀ ọmọdé ni ìṣègùn kọ́kọ́ mọ̀, kò mọ ọgbẹ́ rẹ̀.

Àṣìṣe kan jáde láti inú èyí tí ipa rẹ̀ kò tíì tán. Ní àárín àwọn ọdún 1880, Adolf Strümpell, oníṣègùn ará Jámánì, dábàá pé ìrọ ìhà kan lára ọmọdé jẹ́ ìbátan àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, pé àrùn kan náà tí ń jẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ kan ni ó ń jẹ ọpọlọ ọmọ kejì. Ìdí tí èrò náà fi wọlé kò ṣòro láti mọ̀: nínú méjèèjì, ọmọ tí ara rẹ̀ dá ní àná lè jí ní òní pẹ̀lú ibà àti ẹ̀yà ara tí kò gbé mọ́. Bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ wọn pọ̀. Rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, tí ó jẹ́ àrùn kòkòrò àìfojúrí, ń ba àwọn iṣan tí ń gbé àṣẹ jáde láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́, ẹsẹ̀ ni ó sì máa ń mú jù, ẹsẹ̀ náà á rọ, kò sì ní le, á sábà wà bẹ́ẹ̀ títí ayé láì fọwọ́ kan ojú tàbí ọ̀rọ̀ sísọ. Rọpárọsẹ̀ a máa mú apá àti ẹsẹ̀ ní ìhà kan náà, a máa fa ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ kan, a sì lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, apá tí ó rọ á wá le gan-an, ọwọ́ á sì dì. Ní àwọn ilẹ̀ tí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti pọ̀, Nàìjíríà pẹ̀lú, níbi tí a ti rí irú kòkòrò rẹ̀ tí kò ti inú àjẹsára wá kẹ́yìn ní ọdún 2016, ó rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti wo ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, kí ó sì pe orúkọ àrùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Ọdún 1927 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ní ọdún náà, Ford àti Schaffer gbé ìwádìí jáde ní Amẹ́ríkà lórí ohun tí ń fa ìrọ òjijì lára ọmọ tí a bí ní pípé, wọ́n sì fi hàn pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ tí ó bàjẹ́ ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọdún yìí kan náà ni Egas Moniz, ní Lisbon, kọ́kọ́ fi oògùn tí ẹ̀rọ X-ray lè rí sínú iṣan ọrùn ènìyàn tí ó wà láàyè, tí àwòrán àwọn iṣan ọpọlọ sì hàn lórí fíìmù. Ṣùgbọ́n ewu wà nínú iṣẹ́ náà, ó pẹ́ kí àwọn oníṣègùn tó gbójú láti ṣe é fún ọmọdé.

Ní àkókò tí èyí ń lọ, ìmọ̀ mìíràn ti ń hù níbi tí ẹnikẹ́ni kò wò. Ní ọdún 1910, James Herrick, oníṣègùn ní Chicago, kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti erékùṣù Grenada tí àwọn ẹ̀yà pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Àrùn náà ni a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde lónìí. Ọmọ tí ó bá jogún àmì S láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, tí jẹ́nótáìpù rẹ̀, èyíinì ni irú ẹ̀jẹ̀ tí ó jogún, sì jẹ́ SS, ni ó máa ń ní irú rẹ̀ tí ó le jù; ẹ̀yà pupa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa le, a máa kú kíákíá, a sì máa ha sínú iṣan wẹ́wẹ́. Ní ọdún 1923, ní Augusta, ìpínlẹ̀ Georgia, V. P. Sydenstricker pẹ̀lú W. A. Mulherin àti R. W. Houseal ròyìn àwọn ọmọ méjì tí wọ́n ní àrùn náà, ìròyìn wọn sì ni a kà sí ibi tí a ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé rọpárọsẹ̀ kọlu ọmọ tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Nínú ìlú tí òfin ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ti ń jọba, níbi tí àwọn ọmọ ọmọ ẹrú kì í ti í rí ìtọ́jú kan náà gbà bí àwọn aláwọ̀ funfun, ni ìmọ̀ tí ó wúlò jù nípa rọpárọsẹ̀ ọmọdé ti ṣẹ̀ wá. Ó tó bí àádọ́ta ọdún kí a tó mọ ohun tí a lè fi ṣe.

Ní Áfíríkà fúnra rẹ̀, níbi tí àmì S ti wá, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ burú ju ìdádúró lọ. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó gbé àmì náà láì ṣàìsàn. Síbẹ̀, ní ìgbà ìjọba amúnisìn, àwọn oníṣègùn òyìnbó ń bi ara wọn léèrè ìdí tí aláìsàn tí àrùn náà mú ní tòótọ́ fi ṣọ̀wọ́n ní Áfíríkà ju ní Amẹ́ríkà lọ. Alan Raper, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Uganda, fi ilẹ̀ méjèèjì wé ara wọn nínú ìwé kan ní ọdún 1950, àwọn kan sì rò pé bóyá àrùn náà fúyẹ́ lára àwọn ará Áfíríkà. Iṣẹ́ tọkọtaya Lambotte-Legrand ní ilẹ̀ Kóńgò tí ó wà lábẹ́ Bẹ́ljíọ̀m ni ó wá là wọ́n lójú: àrùn náà kò ṣọ̀wọ́n rárá, àwọn ọmọ tí ó ní in ni wọ́n ń kú kí wọ́n tó dàgbà tó láti wọ inú ìwé dókítà. Ọmọ tí kò gbé ju ọdún méjì lọ kò lè di ọmọ ọdún mẹ́rin tí rọpárọsẹ̀ kọlù. Nígbà tí a bá sì kà á nínú ìwé àtijọ́ pé ohun kan ṣọ̀wọ́n ní Áfíríkà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ láti kà á.

Nínú ilé àwọn Yorùbá, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ, ó sì ní àlàyé. Èyí tí ó ń kú ní kékeré léraléra lè jẹ́ àbíkú; èyí tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n tí ojú rẹ̀ sì yí, gìrì ni; èyí tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ lójijì, ẹ̀gbà ni, tàbí kí a ní wọ́n ta á lọ́fà. Fún gìrì, tí ó jẹ́ àmì tí rọpárọsẹ̀ ọmọdé sábà máa ń gbà wọlé, àgbo wà, ọ̀kan nínú èyí tí ó gbajúmọ̀ ni ti ìtọ̀ màálù tí a pò mọ́ ewé tábà, efínrín, aáyù àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn kọ nípa ewu rẹ̀: ó máa ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sílẹ̀, ó sì máa ń mú ọmọ sùn lọ fọnfọn, bí ọmọ náà bá sì ti sùn, àmì pé apá kan kò gbé kò ní hàn sí ẹnikẹ́ni. Àgbo yìí ti ṣe ìpalára fún ọ̀pọ̀ ọmọ, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ èyí. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó kọ́kọ́ rí gìrì, tí ó sì tọ́jú gìrì, kò ṣe ju ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé Philadelphia àti Vienna ṣe lọ ní ti èrò, nítorí gìrì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn náà dá lẹ́bi, wọn kò mọ̀ pé àmì àrùn ni.

Nígbà tí ilé ìwòsàn ńlá UCH ṣí ní Ìbàdàn ní ọdún 1957, ìtàn náà ní ibi tí ó lè jókòó sí nílẹ̀ Yorùbá. Latunde Odeku, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tí ó sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà, dé ibẹ̀ ní ọdún 1962. Ní ọdún 1970, òun pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Adeloye àti Ogbeide, kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tí ó dà sínú agbárí àwọn alárùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí kí ìwé nípa rọpárọsẹ̀ àwọn ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ọ̀kan nínú èyí tí a ń tọ́ka sí jù ni èyí tí Fatunde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní ọdún 2005.

Ìmọ̀ nípa ibi tí àrùn ti ń bẹ̀rẹ̀ ti dé kí ìwé náà tó jáde. Ní ọdún 1972, Stockman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọ̀nà Moniz láti ya àwòrán iṣan ọpọlọ àwọn ọmọ tí ó ní jẹ́nótáìpù SS tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe iṣan wẹ́wẹ́ ni ó dí bí gbogbo ènìyàn ti rò. Àwọn iṣan ńlá tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni ó ti ń há díẹ̀díẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún kí ọjọ́ ìkọlù tó dé. Ìtumọ̀ èyí pọ̀: àrùn tí ó dà bí ẹni pé òjijì ni ó ń dé ti ń kìlọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí a fi ń gbọ́ ìkìlọ̀ náà. Ní ọdún 1978, Powars àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles fi hàn pé, bí a kò bá ṣe ohunkóhun, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ tí ó ti ní rọpárọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni yóò tún ní in. Ohun tí a mọ̀ pé ó ń dá a dúró ni fífa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí ọmọ lára lóṣooṣù, kí ẹ̀yà pupa tí ó le má baà pọ̀ nínú iṣan rẹ̀.

Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí ni ẹ̀rọ CT, tí ń ya àwòrán inú orí ní ìpele-ìpele, jáde. Ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní London ni a ti kọ́kọ́ lò ó fún aláìsàn, ní oṣù kẹwàá ọdún 1971. Fún ìgbà àkọ́kọ́, oníṣègùn lè rí ibi tí ọpọlọ ọmọ ti kú láì ṣí agbárí. Ní ọdún 1978, Schoenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka iye ọmọ tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní Rochester, Minnesota, wọ́n sì rí nǹkan bí ọmọ 2.5 nínú ọmọ 100,000 lọ́dún kan. Iye náà kéré, bí ó sì ti kéré náà ni ó fi ṣe ìpalára, nítorí dókítà tí ó bá kà á yóò rò pé òun kò ní í rí irú rẹ̀ láyé òun.

Ẹni tí ó wá ọ̀nà láti gbọ́ ìkìlọ̀ tí àwòrán Stockman fi hàn ni Robert Adams, ó sì jẹ́ ohun ìyanu pé ní Augusta, ìlú Sydenstricker, ni ó ti ṣe é. Ní ọdún 1982, Rune Aaslid, ọmọ Norway tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Bern, ti fi hàn pé a lè fi ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ la egungun ẹ̀gbẹ́ orí kọjá, kí a sì fi wọn ìyára ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan ọpọlọ. Àyẹ̀wò náà ni a ń pè ní Doppler. Omi tí ó ń gba ojú ọ̀nà tóóró kọjá a máa sáré ju èyí tí ó ń gba ibi gbígbòòrò lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1992, Adams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ọmọ SS tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń sáré kọjá ìwọ̀n kan ni rọpárọsẹ̀ ń bọ̀ wá bá. Ìdánwò ńlá tí ó tẹ̀lé e gba ọmọ 130 tí ìyára ẹ̀jẹ̀ wọn tó sẹ̀ǹtímítà 200 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: a fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ 63 lára déédéé, a sì tọ́jú àwọn 67 yòókù bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Rọpárọsẹ̀ kọlu ọmọ 11 nínú àwọn tí a kò fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, ọmọ kan ṣoṣo ni ó kọlù nínú àwọn tí a fa ẹ̀jẹ̀ sí lára. Ewu náà dín kù ní ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún, a sì dá ìdánwò náà dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí kò bá ẹ̀rí ọkàn mu mọ́ láti fi ìtọ́jú náà du àwọn ọmọ yòókù.

Ọdún 1998 ni àbájáde yìí jáde nínú ìwé. Ọdún kan náà ni Kwaku Ohene-Frempong, ọmọ Ghana tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Philadelphia, fi ìwádìí tí ó gba ènìyàn tí ó lé ní 4,000 hàn pé, kí àwọn tí jẹ́nótáìpù wọn jẹ́ SS tó pé ogún ọdún, 11 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni rọpárọsẹ̀ ti kọlù, àti pé láàárín ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún ni èyí tí ẹ̀jẹ̀ dídì ń fà ti pọ̀ jù. Fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, ìbéèrè nípa ìdádúró yí padà pátápátá. Kò tún jẹ́ pé wákàtí mélòó ni ó gba dókítà láti dá àrùn mọ̀ lẹ́yìn tí apá ti rọ. Ó di bóyá ẹnì kan gbé ẹ̀rọ Doppler sí ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ náà kí ó tó rọ.

Fún àwọn ọmọ yòókù, ìbéèrè ti wákàtí ṣì wà, ó sì tún le sí i. Ní ọdún 1995, a fi hàn ní Amẹ́ríkà pé oògùn tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì lè gba ọpọlọ àgbà là bí a bá fún un láàárín wákàtí mẹ́ta, láti ìgbà náà ni a sì ti ń kọ́ gbogbo ènìyàn láti wo ojú tí ó fà, apá tí kò gbé àti ọ̀rọ̀ tí kò já geere, kí wọ́n sì sáré. Ọmọdé kò sí nínú ẹ̀kọ́ náà. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí ní ilé ìwòsàn ọmọdé ti Toronto gbé iye wákàtí jáde: ìdajì àwọn ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò ni ó dúró fún nǹkan bí wákàtí 23 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà tí àmì àrùn ti hàn títí di ìgbà tí a dá a mọ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó ká wa lára jù nínú ìwádìí náà ni ibi tí wákàtí wọ̀nyí lọ. Àkókò tí ó kọjá kí ọmọ tó dé ilé ìwòsàn kò tó wákàtí méjì fún ìdajì wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ dókítà, nǹkan bí wákàtí 13 ni ó tún kọjá. Àwọn òbí ti sáré. Inú ilé ìwòsàn ni a ti jókòó.

Ìdí tí dókítà fi ń jókòó kì í ṣe àìbìkítà. Ní ọdún 1849, Robert Bentley Todd ṣàpèjúwe ìrọ tí ó máa ń tẹ̀lé gìrì tàbí wárápá, tí ó sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Nítorí náà, bí gìrì bá gbé ọmọ tí apá rẹ̀ sì rọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí a kọ́ dókítà ni pé kí ó dúró wò ó. Orí fífọ́ tí ń mú ìdajì orí, èyí tí òun náà lè mú apá kú fún ìgbà díẹ̀, wọ́pọ̀ lára ọmọdé ju rọpárọsẹ̀ lọ. Ibà tó le, ìwọlé kòkòrò sínú awọ ọpọlọ àti májèlé gbogbo lè jọ ọ́. Ẹ̀rọ CT tí a ya ní wákàtí àkọ́kọ́ lè máà fi ohunkóhun hàn, kí dókítà sì rò pé ara ọmọ dá. Ẹ̀rọ MRI, tí ń lo agbára òòfà tí ó sì máa ń rí ibi tí ọpọlọ ti ń kú ní kíákíá, gba pé kí ọmọ dùbúlẹ̀ láì mira, ọmọ ọdún méjì kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí oògùn oorun àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n fún. Nígbà tí a sì gbìyànjú láti mọ bóyá oògùn tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì dára fún ọmọdé, a ti ìdánwò náà pa ní ọdún 2013 nítorí pé ọmọ tí ó yẹ fún un, tí a sì dá àrùn rẹ̀ mọ̀ láàárín àkókò, kò pọ̀ tó. Ìdádúró náà ti gbé ẹ̀rí tí ìbá mú un kúrò mì.

Ti àwọn ọmọ tuntun tún yàtọ̀. Ọmọ tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní àsìkò ìbí lè máà fi àmì kankan hàn ju gìrì díẹ̀ lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tàbí kí ó máà fi ọ̀kan hàn rárá, títí di ìgbà tí ìyá bá ṣàkíyèsí ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún pé ọwọ́ kan ṣoṣo ni ọmọ ń nà sí nǹkan. Inú ilé máa ń dùn pé ọmọ ti yan ọwọ́ tí yóò lò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kì í sábà yan ọwọ́, nítorí náà ọwọ́ kejì ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò.

Ní Nàìjíríà, ohun tí Augusta mọ̀ ní ọdún 1998 kò lè rìn gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́. Fífa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lára lóṣooṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún nílò ẹ̀jẹ̀ tí a ti yẹ̀ wò dáadáa, àti oògùn tí ń yọ irin tí ó pọ̀ jù kúrò lára, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹbí ni ó sábà máa ń wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún aláìsàn tiwọn. Ní Ìbàdàn, IkeOluwa Lagunju pẹ̀lú Brown àti Sodeinde bẹ̀rẹ̀ sí í fi Doppler yẹ àwọn ọmọ wò, wọ́n sì lo hydroxyurea, oògùn mímu tí a ti fi hàn láti ọdún 1995 pé ó ń dín ìrora fòníkú-fọ̀ladìde kù lára àgbà. Ìwé wọn ti ọdún 2015 fi hàn pé ìyára ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ àwọn ọmọ náà lọ sílẹ̀. Ní Kano àti Kaduna, ìdánwò kan gba ọmọ 220 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí 12 tí Doppler wọn sì fi ewu hàn; a fún àwọn kan ní mílígíráàmù 10 oògùn náà fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, a sì fún àwọn yòókù ní 20. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2022, kò sí ìyàtọ̀ tí ó dájú láàárín àwọn méjèèjì ní ti rọpárọsẹ̀. Fún ilẹ̀ tí òbí ti ń fi owó ara rẹ̀ ra oògùn, ìyàtọ̀ láàárín ìwọ̀n kékeré àti ìwọ̀n ńlá lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín oògùn tí ọmọ ń lò lójoojúmọ́ àti èyí tí ó tán ní ìdajì oṣù.

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbé ọmọ lọ síbi Doppler gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ jẹ́nótáìpù ọmọ náà. Ní Brazil, níbi tí irú àmì S tí ó pọ̀ ní Nàìjíríà ti pọ̀ ní Bahia láti ìgbà òwò ẹrú, ìjọba fi àyẹ̀wò rẹ̀ sínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ ọmọ tuntun jákèjádò orílẹ̀-èdè ní ọdún 2001. Ní England, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, gbogbo ọmọ tuntun ni a ń ṣe é fún, ọmọ tí ó bá sì jẹ́ SS yóò bẹ̀rẹ̀ Doppler ọdọọdún láti ọmọ ọdún méjì. Nàìjíríà, tí a ṣírò pé nǹkan bí ọmọ 150,000 ni a ń bí níbẹ̀ pẹ̀lú àrùn náà lọ́dọọdún, kò tíì sọ àyẹ̀wò ọmọ tuntun di ti gbogbogbò. Ìrora tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀ ni ó máa ń mú kí ọ̀pọ̀ ẹbí mọ jẹ́nótáìpù ọmọ wọn, àwọn mìíràn kò sì mọ̀ ọ́n títí di ìgbà tí ọmọ fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí ọdún kejì sí ìkarùn-ún tí ewu pọ̀ jù nínú wọn ti kọjá láìsí ẹnikẹ́ni tí ó gbé ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀.